Orúkọ Tí Bàbá Wa Gbé Sọdá Odò

Ọ̀sán gangan ni omi wọ ilé wa ní Okpoko, lẹ́bàá Onitsha, ní àwọn ọdún kan sẹ́yìn. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin di ọwọ́ ara wa mú, a ń wá bí a ó ṣe dé orí òrùlé aládùúgbò wa. Omi ti dé àyà wa. Mo gbọ́ tí ẹnì kan pe ẹ̀gbọ́n mi lórúkọ láti ẹ̀yìn wa, ohùn jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ará ilé ẹni bá ń peni wá jẹun. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn wa. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú, ó ní, "Hẹ̀n?" Ọwọ́ rẹ̀ sì yọ kúrò nínú tèmi, omi gbé e lọ. N kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò gbà á gbọ́?

Orúkọ baba tó bí bàbá àgbà wa ni ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ́. Bàbá yẹn ló kọ́kọ́ gbé aṣọ títà wá sí Onitsha nínú ìdílé wa. Lọ́dún yìí, ìyàwó ọmọ mi bí ọkùnrin, ọmọ mi sì fẹ́ sọ ọ́ ní orúkọ náà.

"Bàámi, ẹni tó tẹ ilé wa dó ni. Ẹ bá mi wádìí ìtàn rẹ̀, kí n lè sọ ọ́ níbi ìkómọ."

Mo lọ sí Inland Town ní Onitsha lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin, òun nìkan ló kù nínú àwọn àgbà wa. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ata gbígbẹ tí wọ́n rà fún un ní ọjà Ose Okwodu. Nígbà tó gbọ́ ohun tí mo bá wá, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Chineke! Ẹ tún fẹ́ fi sọ ọmọ? Ṣé etí yín di ni?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó ní bàbá náà àti ọkùnrin kan ló jọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Asaba, wọ́n ń sọdá bọ̀ ní Onitsha. Ẹnì kejì ló ní lẹ́tà ṣọ́ọ̀ṣì tí yóò fi rí ilé gbé. Ọkọ̀ dojú dé, ẹni tó ni lẹ́tà bómi lọ. Bàbá wa gúnlẹ̀ pẹ̀lú àpò onítọ̀hún. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ka lẹ́tà, wọ́n bi í pé ṣé òun ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ó ní òun ni.

"Orúkọ òkú ló fi gbéyàwó. Òun ló fi bí gbogbo wa."

"Kí wá ni orúkọ tirẹ̀ gan-an?"

"Kò sọ ọ́ títí ó fi kú. Ènìyàn mẹ́ta la ti sọ lórúkọ yẹn lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ ló ṣe ìkẹta. Èwo nínú wọn lomi ò gbé lọ? Ẹni tó ni orúkọ ló ń wá nǹkan rẹ̀." Ó padà sí ata rẹ̀. "Má sì dárúkọ ọ̀hún níbí mọ́ o. Ilé mi ò jìnnà sódò."

Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn fún ọmọ mi, ó fi mí rẹ́rìn-ín. "Bàámi, ẹ̀rù omi ọjọ́sí ló ṣì ń bà yín."

Nígbà náà ni mo sọ ohun tí mo gbọ́ nínú omi fún un. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Lọ́jọ́ kẹjọ, mo sọ ọmọ náà lórúkọ mìíràn, ọmọ mi ṣe àmín. Ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ ni pásítọ̀ mú ìwé tí ṣọ́ọ̀ṣì fi ń kọ orúkọ ọmọ tuntun jáde. Ó kọ orúkọ tí mo sọ, ó wá béèrè orúkọ ìdílé. Èmi àti ọmọ mi wo ara wa. Láti ayé àwọn bàbá wa tó kọ́kọ́ lọ sílé ìwé, orúkọ ọkùnrin yẹn ni gbogbo wa fi ń ṣe orúkọ ìdílé.

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà! Ta ni ò mọ̀ yín ní Onitsha?"

Ó ti ń kọ ọ́, ó sì ń la ẹnu kó lè kà á sókè. Mo gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí rẹ̀.