Omi Tántì

Bí mo bá rí ẹ̀rọ omi tó ń ṣàn lásán, ohùn ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni mo máa ń gbọ́: "Jẹ́ kó sinmi."

Tántì là ń pè wọ́n. Wọ́n kúrò ní Ìgbòho wá ta aṣọ lọ́jà Adjamé níbí, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, àdúgbò Treichville ni wọ́n sì ń gbé. Búta kékeré kan ni wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá, omi a sì tún ṣẹ́kù nínú rẹ̀.

Nígbà kan tí wọ́n wá kí wa ní Cocody, ìyàwó mi fẹ́ da ìrẹsì àná nù. Tántì gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyàwó, inú omi ni wọ́n ti gbin ìrẹsì yìí, omi lo fi ṣàn án, omi lo fi sè é. Omi lo fẹ́ dà nù yẹn."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyàwó mi ní ahun ni wọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí omi ò yọ mọ́ ní àdúgbò wọn, inú àgbá Tántì ni gbogbo agbo ilé ti ń bu omi mu.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kú, àwọn obìnrin tó wẹ òkú wọn gbé báàfù kan jáde. Omi mímọ́ tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn ló ṣẹ́kù sínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè dà á nù nínú wa. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ bu omi náà ṣe àlùwàlá. Àwa yòókù bù ú tẹ̀ lé e, a sì lọ kírun sí wọn lára.