Orin Àmúsà Tó Ń Mí

Ní Ìkòsí, bí ẹnikẹ́ni bá dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wọn á ní, "Ó ti ń ṣe bí olóògbé Àmúsà." Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ní 1956 ló fa ọ̀rọ̀ náà, ní pálọ̀ Àmúsà, níbi tí èèyàn méjìlélógún jókòó sórí àga mẹ́fà.

Àmúsà gbé agídìgbo rẹ̀ lé itan: àpótí ọṣẹ ni, irin inú aago ògiri ló sì fi ṣe ahọ́n rẹ̀. Olúrántí télọ̀ di gìtá mú. Àrìnkẹ́, ìyàwó Àmúsà, jókòó ti ìkòkò òfìfo kan, orógùn lọ́wọ́.

Àmúsà kọ́kọ́ ṣòfin. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ náwó fún olórin, olórin ò sì ní í ki ẹnikẹ́ni. "Orin lẹ wá gbọ́, ẹ ò wá gbọ́ orúkọ yín." Ìdajì àwọn àlejò ìbá ti dìde lọ, àfi pé ìrẹsì ń ta sánsán láti ẹ̀yìnkùlé.

Orin bẹ̀rẹ̀, ó sì dùn, ewúrẹ́ ojú fèrèsé gan-an ń mi orí. Lójijì, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Àmúsà dijú. Ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́ débi pé ẹni tó fárùngbọ̀n wá ti ń wá abẹ míì. Àlùfáà Àyúbà, tí kì í jẹ́ kí ìpàdé tú láìṣàdúrà, gbọ́wọ́ sókè.

"Ọlọ́run á sìn wá délé o."

"Àmín!"

Àmúsà lajú. "Àlùfáà! Orin ò tíì tán!"

"Kí ló wá ń ṣe?"

"Ó ń mí ni!"

"Ẹ jẹ́ kó máa mí lọ, ọ̀gá. Ìrẹsì ń tutù."

Kí Àmúsà tó fèsì, pálọ̀ ti ṣófo, ẹ̀yìnkùlé ti kún.

Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló pè wọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni àdúrà gba orin náà lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìró kan péré ló kù lẹ́yìn mímí yẹn, inú ìkòkò Àrìnkẹ́ ni ì bá sì ti dún. Ohun tí Àmúsà ń wá láyé ò ju kí Ìkòsí jókòó gbọ́ ìró kan ṣoṣo yìí. "Gbogbo èyí tó ṣáájú, ọ̀nà ni," ló máa ń wí. "Ìyẹn ni ilé." Nígbà kẹjọ, ó tilẹ̀ tilẹ̀kùn. Ojú fèrèsé ni wọ́n gbà jáde. Láwàní Àlùfáà há síbẹ̀, ó sì ṣàdúrà ìparí látorí fèrèsé.

Kétu ló ti ra ìkòkò ọ̀hún. Ó kan ìkòkò mẹ́tàdínlógójì, ó ń gbé etí tì wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá," ni oníkòkò wí, "ṣé ẹ fẹ́ fi sebẹ̀ ni, àbí ẹ fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́?"

Èyí tó là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni Àmúsà mú. "Èyí nìkan ni ò purọ́ fún mi."

"Ẹ gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ṣáà má padà wá."

Wọ́n bi Àrìnkẹ́ bó ṣe ń fara dà á. Ó ní, "Ọkọ ẹlòmíì ń kan ilẹ̀kùn obìnrin kiri. Tèmi ń kan ìkòkò. Kí ni kí n sunkún fún?"

Àmúsà kú ní 1959. Ní ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn àdúrà fìdáù, Olúrántí yọ gìtá jáde. Àlùfáà Àyúbà wo gìtá, ó wo àjà, ó ní òun ò rí nǹkan kan.

Olúrántí ta á dé ibi mímí, ó dákẹ́. Ìrẹsì ń ta sánsán. Ẹnikẹ́ni ò mira. Ọwọ́ Àlùfáà ti ń gòkè bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ó yára fà á wálẹ̀, ó sì jókòó lé e.

Àrìnkẹ́ gbé orógùn sókè, ó dá a dúró lófuurufú.

"Ìyàwó wa," ni Àlùfáà sọ wẹ́lẹ́, "lù ú. A ń gbọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ jẹ́ kó mí díẹ̀ sí i."

Ìrẹsì tutù pátápátá kó tó lù ú. Ìró kékeré kan ni, tó là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àmín," ni Àlùfáà Àyúbà wí.