Ọ̀dà Tuntun Lára Ilé Tíṣà Déwùnmí

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Déwùnmí Ifáyẹmí fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwàrò-Ọ̀kà, kò sì sẹ́ni tó gba máàkì ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ọkọ rẹ̀ ti kú, Fúnminíyì, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, sì ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ìwà tíṣà kò kúrò lára rẹ̀. Bó bá gbọ́ ìsọkúsọ, á wo ẹni náà látòkè délẹ̀, á ní, "Odo nínú mẹ́wàá." Àwọn ará àdúgbò ní agbéraga ni. Wọn ò purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣàlàyé ìdá kan nínú mẹ́rin fún ọmọ tó ń tòògbé yóò mọ ibi tí ìgbéraga náà ti wá.

Oṣù tó kọjá ni dókítà gé bíńtín nínú kókó kan tó sọ sí i lọ́mú òsì, tí wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Èsì dé: jẹjẹrẹ ni. Ó ku àyẹ̀wò mìíràn tí yóò sọ bóyá àìsàn náà ṣì jókòó sójú kan, tàbí ó ti rìn dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró tàbí eegun. Bí kò bá tíì rìn, wọ́n á gé e, wọ́n á fún un lóògùn, ó sì lè pẹ́ láyé dáadáa. Bó bá ti rìn ńkọ́? Dókítà wo bírò ọwọ́ rẹ̀, kò parí ọ̀rọ̀. Déwùnmí kórìíra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àgbàlagbà tó kàwé tó báyìí, tí kò lè parí gbólóhùn kan!

Èèyàn méjì péré ló sọ fún: Fúnminíyì àti Iyìọlá, àbúrò ọkọ rẹ̀. Iyìọlá náà sọ fún ìyàwó rẹ̀ nìkan. Kó tó di ọjọ́ kẹta, gbogbo Ìwàrò ti gbọ́.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ta ló pè wọ́n? Láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń fajú ro, wọ́n á jókòó sétí àga bí ẹni pé àga náà lè kó àìsàn ràn wọ́n, wọ́n á wá mí kanlẹ̀. Bísí, aládùúgbò rẹ̀ tó ń ta kẹrosíìnì, kò fi kọ́ọ̀bù ilé náà mu omi mọ́. Omi inú ọ̀rá ló ń gbé dání wá.

"Ẹ̀gbọ́n, àìsàn là á wò, a kì í wo ikú," ni Bísí wí, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lọ́mú ọlọ́mú. Odo.

Díákónì Israel ní tirẹ̀ sọ pé kí wọ́n gbé e gun orí òkè lọ gbààwẹ̀ ọjọ́ méje, nítorí ọ̀tá ilé ọkọ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀tá ilé ọkọ! Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ tí wọn ò lè so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ kó má já, àwọn náà ni yóò so jẹjẹrẹ mọ́ èèyàn lọ́mú?

"Israel," ni Déwùnmí wí, "ẹ̀ẹ̀mejì lo ka kíláàsì mẹ́ta lọ́dọ̀ mi, o ò sì mọ ìsodipúpọ̀ títí o fi jáde. Ṣé ìwọ lo wá ń bá mi ka ọ̀tá?"

Díákónì gbé Bíbélì rẹ̀, ó lọ.

Ká sọ òótọ́, ẹ̀rù ń ba obìnrin náà. Láràárọ̀, kó tó bu omi sójú, á ti fọwọ́ kan kókó náà, á tún tẹ abẹ́ ìhà rẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi tó máa ń ya ẹ̀dọ̀ sí lójú pátákó fún àwọn ọmọ, bóyá ọwọ́ rẹ̀ á ba nǹkan níbẹ̀. Ìgbà tó bá ń fi àwọn èèyàn ṣẹ̀sín nìkan ni ọkàn rẹ̀ máa ń sinmi. Bó bá dákẹ́, ẹkún ló kù, kò sì fẹ́ sunkún lójú irú àwọn wọ̀nyí.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó tètè jí, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni, ó wọkọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́ fún ẹ́síréè àti sikáànì. Wọ́n ní iná ò sí, wọ́n ń lọ ra epo jẹnẹrétọ̀. Ó jókòó láàárín àwọn aláboyún láti aago mẹ́jọ títí di ọ̀sán. Ọ̀kan nínú wọn bi í pé, "Mọ́mì, ṣé ọmọ yín lẹ sìn wá?"

Nígbà tó kàn án, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Gift da nǹkan tútù sí i níkùn, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ó sì ń yí ẹ̀rọ kiri. Ó dé apá ọ̀tún, ó dúró. Ó dúró pẹ́. Kò jẹ ṣingọ́ọ̀mù mọ́.

"Kí lo rí?" ni Déwùnmí bi í.

"Mọ́mì, dókítà tó ń kà á ló máa sọ. Ó di Túsìdeè."

"Ìwọ tó o lójú ò lè sọ̀rọ̀, àfi ẹni tí kò sí níbí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, Túsìdeè ni."

Ọjọ́ márùn-ún gbáko! Gbogbo ọ̀nà láti Ìkàrẹ́ títí dé Akùngbá, kò rí ẹni bú nínú ọkọ̀. Ìdúró pípẹ́ tí Gift dúró lápá ọ̀tún nìkan ló ń rò.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà nítòsí ilé rẹ̀, igbe ẹkún ló gbọ́. Èrò kún iwájú ilé rẹ̀ fọ́fọ́. Bísí ti já gèlè, ó ń yí gbiri nílẹ̀. Àkàbà wà lára ògiri, ìdajì iwájú ilé náà sì ti di pupa rúsúrúsú, ọ̀dà tuntun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìlú wa ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ilé lè ṣú fún ogún ọdún, kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ tí onílé bá kú ni ọ̀dà ń dé, kí àlejò ìsìnkú má baà fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Iwájú tó kọjú sí títì nìkan náà ni wọ́n sì ń kùn. Àwọn ará àdúgbò mọ̀ pé Tíṣà ń ṣàìsàn, wọn ò rí i láti àárọ̀, wọ́n wá rí péńtà lórí àkàbà. Wọ́n ro ó pọ̀, ó jẹ́ òkú. Àwọn olódo.

"Ta ló kú?" ni Déwùnmí bi obìnrin tó wà níwájú rẹ̀.

"Tíṣà mà ni," ni ìyẹn wí láìbojúwẹ̀yìn. "Wọ́n ní ó kú sójú ọ̀nà."

"Ṣé èèyàn gidi ni?"

"Ẹnu ẹ̀ ti burú jù, ṣùgbọ́n..." Ó bojú wẹ̀yìn. Ariwo tó pa, wọ́n gbọ́ ọ dé ọjà.

Bísí fi bàtà rẹ̀ sílẹ̀ sá lọ. Díákónì Israel ń de ẹ̀mí àìmọ́, ó sì ń fẹ̀yìn rìn. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín, ṣùgbọ́n Déwùnmí kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ lọ sílé yín," ló wí. "Ẹkún yín gan-an ò dáa."

Nígbà tí gbogbo wọn túká tán, ó dojú kọ Àdìó, péńtà náà. Ó ti to èébú tó máa bú Iyìọlá sẹ́nu, nítorí ta tún ni ì bá hu irú ìwà yẹn?

"Ta ló rán ọ?"

"Ẹ má bínú, mà. Aǹtí Fúnminíyì ni. Wọ́n ní kí n rí i pé mo parí ẹ̀ kó tó di Túsìdeè."

Déwùnmí jókòó sórí ike ọ̀dà kan. Nínú gbogbo ayé, ọmọ yìí nìkan ló ń sọ fún un lójoojúmọ́ lórí fóònù pé, "Mọ́mì, kò tíì rìn." Òun nìkan ló gbà gbọ́. Ó tẹ nọ́ńbà rẹ̀.

"Ṣé ìwọ náà ti sin mí?"

Ẹkún ni Fúnminíyì fi dá a lóhùn.

"Mọ́mì, ẹ rántí bí ilé yẹn ṣe dára tó nígbà ìsìnkú Dádì? Gbogbo àlejò ló ń yìn ín. Dádì nìkan ni kò rí i. Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ ní Túsìdeè, mo fẹ́ kí ojú yín rí tiyín."

Déwùnmí wá èébú, kò rí. Ẹkún tó ti ń pa mọ́ra láti oṣù kan bú jáde. Ó sun ún dáadáa, lójú péńtà, kò bo ojú.

Nígbà tó ṣe, Àdìó rọra bi í pé, "Mà, ṣé kí n máa kó ẹrù mi lọ ni?"

Ó fi etí ìró nu ojú. Ó wo iwájú ilé náà.

"Gbé àkàbà ẹ wọlé," ló wí. "Yàrá mi ni kó o kọ́kọ́ kùn."

"Yàrá kẹ̀? Mà, àlejò kankan ò ní í rí ibẹ̀."

"Àlejò kọ́ ló ń jí síbẹ̀," ni Tíṣà wí. "Èmi ni."