Lẹ́tà Tó Ń Wá Wándé Kiri

Ẹ bá mi wo Tẹjúmọ́lá Adéróunmú kẹ́ ẹ káàánú rẹ̀. Obìnrin tó ń rán aṣọ iléèwé ní Òkè-Àdó, tí ẹnu rẹ̀ mú débi pé àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń sá fún un, òun ni ìwé lásán wá sọ di ojo nílé ìyá rẹ̀ ní Bódìjà, n'Ìbàdàn.

Ẹgbẹ́ kan tó ń tọ́jú àwọn ọmọ òrukàn ní Ring Road ló ń kọ ìwé ọ̀hún lóṣooṣù. Wándé, àbúrò Tẹjú, ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, torí ó máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́, àdírẹ́sì ìyá rẹ̀ ló sì fún wọn. Ṣùgbọ́n Wándé ti kú láti ọdún méjì. Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta péré! Màmá, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, kò sì gbọ́. Ta ni yóò lanu sọ fún arúgbó pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo ti lọ? Ẹbí fìmọ̀ ṣọ̀kan, wọ́n ní ó ti lọ sí Kánádà, pé físà rẹ̀ jáde lójijì ni. Odindi oṣù kan ni Màmá fi bínú pé kò dágbére fáwọn.

Etí Màmá ti di, fóònù ò wúlò fún wọn, Tẹjú sì lè máa sọ pé Wándé ní kóun kí wọn. Ṣùgbọ́n ojú Màmá ńkọ́? Tíṣà ni wọ́n tẹ́lẹ̀, wọn ò sì tíì fi awò kàwé rí.

"Wọ́n ní àwọn ò gbúròó Wándé mọ́," Màmá wí, wọ́n na ìwé sí i. "Kí ló dé tó pa àwọn ọmọ òrukàn tì? Sọ fún un kó dá wọn lóhùn."

"Mo ti sọ fún un, Màámi!" Tẹjú pariwo sí wọn létí. Irọ́ tún gun orí irọ́.

Kí ni kò ṣe tán? Ó bẹ ọlọ́kadà tó ń pín ìwé náà kó máa gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyẹn ní òun gbọ́, àmọ́ Màmá kì í kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á sì ti nawọ́ gba ìwé, wọ́n á ti máa ṣàdúrà fún un. Ó pe ọ́fíìsì ẹgbẹ́ náà pé kí wọ́n yọ orúkọ Wándé, wọ́n ní àfi kí ẹni tó ni orúkọ wá fọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lùwé. Ẹ gbọ́ o! Kí òkú wá buwọ́ lùwé!

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ká a láyà tán, ó wọ mọ́tò, ó di Ring Road. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Jọlá ló bá nídìí tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀wé sí Wándé Adéróunmú mọ́."

"Háà, mà! Ṣé wọ́n ń bínú sí wa ni?"

 Tẹjú kò tíì sọ ọ́ fún àjèjì kankan rí. "Ó ti kú," ló wí, ló bá bú sẹ́kún. Jọlá dìde, ó dì mọ́ ọn, omi ń bọ́ lójú tirẹ̀ náà. Ojú ẹsẹ̀ ló pa orúkọ náà rẹ́, ó ní, "Ẹ kú àráfẹ́rakù, mà. Ìwé kankan ò ní bá orúkọ wọn wá mọ́."

Tẹjú sùn wọra lọ́jọ́ náà. Ohun tó gbàgbé ni pé kò sọ fún ọmọ náà pé ìyá olóògbé kò tíì gbọ́. Ọmọlúàbí sì làwọn ẹgbẹ́ náà; wọ́n gbọ́ ọ̀fọ̀, ó di dandan kí wọ́n kí ẹbí.

Lọ́jọ́ Jimọ̀ tó tẹ̀lé e, ó ti ṣọ́ọ̀bù dé, ó bá Màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, káàdì funfun kan lórí itan wọn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú rẹ̀ pé, "Sí ìdílé olóògbé Wándé Adéróunmú."

Màmá ò sunkún. "Ọdún méjì, Tẹjú. Ọdún méjì ni mo fi ń gbàdúrà ìrìn-àjò fún òkú."

Tẹjú wó lulẹ̀ síwájú wọn. 

"Níbo lẹ sin ọmọ mi sí?"

Tẹjú dáhùn jẹ́jẹ́, Màmá ò gbọ́. Ó di dandan kó pariwo ẹ̀ kí gbogbo àdúgbò gbọ́. "Mọ́níyà, Màámi! Mọ́níyà ni!"

"Mọ́níyà?" Màmá na ìka sí ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì Mọ́níyà ń gbà kọjá níwájú ilé. "Mọ́níyà tó wà níbí?"