Ẹja Tí Mo Pè Ní Ejò

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní agbo ilé wa ní Bẹyẹrúnkà, ẹnu mi máa ń yá ju ẹsẹ̀ mi lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹnu yìí náà ló ba nǹkan jẹ́. Kò sẹ́ni tó rí òkun rí nínú wa. Ẹja tí a mọ̀ kò ju èyí tí ìyá àgbà ń rà l'Ọ́jà'ba lọ.

Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí a ń pè ní Àǹtí, ní àfẹ́sọ́nà kan, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó ń ta aṣọ ní Gbági. Ó níwà, Àǹtí sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Nígbà tó relé, ó gbé apẹ̀rẹ̀ kan bọ̀ fún bàbá àgbà. Èmi ni wọ́n ní kí n gbé e wọlé, mo bá ṣí i wò. Ohun tó wà níbẹ̀ gùn, kò ní ìpẹ́, wọ́n ká a bí òṣùká, wọ́n sì ti yan án gbẹ. Mo figbe ta: "Ejò! Ó gbé ejò wá o!"

Kí n tó dákẹ́, èrò ti pé. Bàbá àgbà ò tilẹ̀ wo inú apẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní hárámù ò ní wọ ilé àwọn, àtòun àtẹni tó gbé e wá. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Ẹja òkun ni, Bàbá."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́, torí wọn kì í bá àna jiyàn nígbà náà. Àǹtí ní àwọn rí lẹbẹ lẹ́yìn ohun inú apẹ̀rẹ̀ náà, pé ẹja ni lóòótọ́. Bàbá àgbà ní kí wọ́n panu mọ́. Ọkùnrin náà gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ, kò sì padà wá mọ́.

Télọ̀ kan ní Oníyanrìn ló padà fẹ́ Àǹtí. Ilé wọn tòrò, wọ́n bímọ, ọkọ wọn sì ti dolóògbé báyìí. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí títí dòní.

Láìpẹ́ yìí ni ọmọ ọmọ mi fi irú ẹja náà hàn mí lórí fóònù, nínú ihò àpáta lábẹ́ òkun. Ayé yín mà dára o! Ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ wò. Igbe làwa kọ́kọ́ ń ké. Mo mú ọmọ náà lọ bá Àǹtí. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ṣebí mo sọ."

Wọ́n wá bi ọmọ náà bóyá fóònù máa ń bá èèyàn wá èèyàn. Ó ní kí ni orúkọ ẹni náà. Kíá ni Àǹtí dárúkọ, tòun ti orúkọ bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ apẹ̀rẹ̀ yẹn, n kò gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu wọn rí.