Ọdún Tí Wọ́n Fi Mí Ṣe Sòbìà

Òórùn ewé olúgànbe tí wọ́n gún pọ̀ mọ́ òrí ló máa ń jí mi láàárọ̀ ọyẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìsẹ́yìn. Kì í ṣe òórùn tí ènìyàn ń ṣàárò rẹ̀. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ilé ìwé mi débi pé àwọn ẹgbẹ́ mi á ti mọ̀ pé mò ń bọ̀ kí wọ́n tó rí mi. Ẹsẹ̀ Bàbá mi ni wọ́n ń fi í lé. Sòbìà, aràn gígùn tó máa ń gba inú ẹran ara yọ síta, ti yọrí lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, ó funfun bí òwú, Bàbá sì ti so orí rẹ̀ mọ́ igi ìṣáná kan. Láràárọ̀, tó bá ti kírun tán, á yí igi náà lẹ́ẹ̀kan péré, á mí kanlẹ̀, á ní, "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló máa ń sọ bí òwú bá lọ́ pọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ nídìí òfì.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà ní Òkè-Ògùn ò ní í bi mí pé kí ló ń jẹ́ sòbìà. Ẹ̀ẹ̀rùn tí kò bá mú un wá, àwọn àgbà á ní nǹkan ń ṣe ẹ̀ẹ̀rùn ọ̀hún. Bàbá gbà pé gbogbo ènìyàn ni wọ́n bí tòun ti sòbìà tirẹ̀ nínú iṣan, pé ìgbà tó bá wù ú ló ń jí. Ahunṣọ sì ni Bàbá. Bí ọwọ́ ahunṣọ bá ń ju ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń tẹ òfì nísàlẹ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ kan tó kú kò yàtọ̀ sí òfì tó kú. Lọ́dún náà, Alhaji Onítábà, tó ń ra tábà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ìlú wa, ti ní kí Bàbá bá òun hun òfì funfun tí òun yóò fi dá agbádá ìgbéyàwó ọmọ òun. Oṣù méjì kọjá, Bàbá ò tíì hun ìdajì. Bí ìránṣẹ́ Alhaji bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, Bàbá á wọlé lọ sùn, àwa ọmọ á sì ní ó lọ sóko.

Tíṣà wa kan ló dá ọ̀ràn sílẹ̀. Ìjẹ̀bú ló ti wá, kò sì jẹ́ mu omi adágún tí gbogbo wa ń wọ̀ dé orókún láti pọn. Ó ń sẹ́ omi, ó tún ń sè é. Àwọn ìyá wa máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́nà odò: "Kò sí ata, kò sí iyọ̀, ó ṣáà ń se omi!" Ọkùnrin yìí ló sọ fún wa ní kíláàsì pé inú adágún náà gan-an ni sòbìà ti ń wọ ènìyàn lára, àti pé bí ìlú bá ní kànga tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì yí ẹnu rẹ̀ ká, sòbìà á tán. Mo gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ Bàbá mi ni mò ń rò. Mo ní bí kànga bá dé, Bàbá á padà sídìí òfì, a ó sì yé purọ́ fún ìránṣẹ́ Alhaji.

Tíṣà ní ká ṣe eré fún àwọn ará ìlú àti àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Ìbàdàn, kí wọ́n lè dáwó kànga. Ó wo gbogbo wa lọ láti òkè délẹ̀, ó ní, "Sìdíkátù, ìwọ lo gùn, tó o sì tín-ín-rín. Ìwọ ni Sòbìà." Mo sunkún délé. Àmọ́ nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, mo ti pinnu pé bí mo bá máa jẹ́ sòbìà, sòbìà tó dáa ni n ó jẹ́. Sòbìà gbọ́dọ̀ funfun, ó sì gbọ́dọ̀ gùn. Kí ló tún funfun tó gùn nílé wa ju aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí Bàbá ká sínú apẹ̀rẹ̀ lọ? Mo yọ ọ́ láìtọrọ.

Lọ́jọ́ eré, pápá ilé ìwé kún. Alhaji Onítábà ni alága, ó jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú àwọn àlejò Ìbàdàn àti ìgò mínírà wọn. Bàbá wà níwájú, ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, òun ni aláìsàn. Èmi wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì, tí mo fi òfì Alhaji wé ara láti ọrùn dé kókósẹ̀, mo sì na etí rẹ̀ síta lẹ́bàá ẹsẹ̀ aláìsàn. Múfú, tó ń ṣe dókítà, yẹ kó máa fi igi ká a díẹ̀díẹ̀. Ojú èrò da orí Múfú rú. Ó ju igi nù, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí òfì náà mú, ó ń fà á.

Gbogbo pápá pariwo, "Má fà á!" Kò sí ẹni tí kò mọ̀ níbẹ̀ pé bí sòbìà bá já sára, wàhálà dé. Múfú rò pé wọ́n ń yìn ín ni, ó tún múra sí i. Ìṣó bẹ́ǹṣì gbá òfì mú, ó ya fàà.

"Ó ti já o!" Ìyá àgbàlagbà kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Bàbá ti dìde. Ó ń tiro bọ̀, ó ní, "Ta ló kọ́ yín báyìí? Ṣé okùn ewúrẹ́ ni sòbìà ni? Wọ́n kì í fà á, ńṣe ni wọ́n ń ká a!" Ó gba aṣọ lọ́wọ́ Múfú pé òun fẹ́ fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àtàǹpàkò rẹ̀ kọ́kọ́ dúró lójú aṣọ náà. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà.

"Aṣọ mi nìyí. Sìdí!"

Mo tún rá pálá wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì lọ.

Ṣùgbọ́n tábìlì àwọn àlejò ni Bàbá kọjú sí. "Alhaji, aṣọ yín tí mo ní ó ń bọ̀ lọ́la rèé! N kì í lọ oko o, inú yàrá ni mo máa ń sá sí. Oṣù méjì, ẹsẹ̀ kan ni mo fi ń hun ún, èyí tí mo sì rí hun, ọmọ mi ti fi ṣe kòkòrò! Ẹ wò ó!" Ó gbé ẹsẹ̀ náà, tòun ti olúgànbe àti igi ìṣáná, ó gbé e lé orí tábìlì láàárín ìgò mínírà.

Àwọn àlejò Ìbàdàn fa àga wọn sẹ́yìn. Àwọn ará ẹ̀yìn pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara eré ni. Ẹnì kan tilẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ Tíṣà pé ta ló kọ́ bàbá yìí ní eré.

Alhaji nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, kò sì sún sẹ́yìn. Ó wo ẹsẹ̀ náà títí. Ó wá ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó fi àpá kan hàn lójúgun. "Ọdún tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò ni tèmi já," ló wí. Ni obìnrin kan bá ká ìró tirẹ̀ sókè dé orókún. Kí n tó yọjú lábẹ́ bẹ́ǹṣì, gbogbo pápá ti di kìkì ẹsẹ̀, oníkálukú ń fi àpá rẹ̀ han ẹnìkejì. Alhaji fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi pe Bàbá, ó ní, "Bàbá Rámọ́tà, sìmẹ́ńtì kànga yìí, ọrùn mi ló wà. Ẹ máa fi sùúrù hun aṣọ mi." Àwọn yòókù náà ò kẹ̀rẹ̀: ẹni tó mú iṣu wá mú un wá, ẹni tí kò ní nǹkan kan ní òun á gbẹ́lẹ̀.

Nílé, mo jẹgba mẹ́fà nítorí aṣọ náà. Wọ́n gbẹ́ kànga. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì kọjá tí sòbìà ò yọ sí ẹnikẹ́ni lára nílé wa, Bàbá ní olúgànbe ló ṣe é.

Lónìí, iṣẹ́ mi ni láti máa tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn tó ní in, nítorí àwọn àrùn tí ojú ayé ò kà sí: èyí tí kòkòrò etí odò fi ń fọ́ni lójú, èyí tó ń mú ẹsẹ̀ wú bí ìtì igi, nílẹ̀ wa àti nílẹ̀ tí n ò dé rí. Mo ní àwòrán, mo sì mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ojú ń tì mí débi pé àdúrà kan ṣoṣo tí mò ń gbà ni pé kí Bàbá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì àlejò. Nísinsìnyí, bí mo bá dìde sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngán tó tutù, tí mo sì rí i tí àwọn olówó ń yọ́jú wo aago, ẹsẹ̀ yẹn ni mò ń wá, kí n rí i gbé lé tábìlì.