Wọ́n Ní Ẹ̀tẹ̀ Ló Wà Lọ́wọ́ Mi

Ìró ni mo fẹ́ so láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ti ró o mọ́ra, ó ku kí n ki etí rẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́, àmọ́ àwọn ìka mi kọ̀, wọn ò tẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún kọ̀, tòsì náà kọ̀. Mo gbé méjèèjì síwájú ojú. Oríkèé tó wà nídìí àwọn ìka ti wú, ó gbóná, ó ń dán bí ẹni fi epo pa á. Ìró já bọ́ nílẹ̀. Mo dúró láàárín yàrá, mò ń bínú sí ọwọ́ ara mi.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Ọmọ Èkìtì ni mí, Ìyànà-Ìbà ni mo ti ń fi táíparáítà tẹ iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì. Ọkọ mi, Bàbá Dúpẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú, ń tún rédíò ṣe ní Àlàbá. Yàrá kan la gbà ní Òkokomaíkò, àwa méjèèjì àti Dúpẹ́, ọmọ wa obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Ìyá Onílé ló ni ilé, òun náà ló ni ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì tó wà níwájú rẹ̀. Kò kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kò kọ́ iṣẹ́ ìpoògùn, síbẹ̀ gbogbo àdúgbò ló ń gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní àràárọ̀, ọwọ́ mi á le bí igi títí oòrùn á fi ga. Tó bá di ọ̀sán, á dẹ̀ díẹ̀, màá lè tẹ táíparáítà, àmọ́ bí mo bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ìrora á máa gba apá lọ sí èjìká. Ó ń rẹ̀ mí láìṣe iṣẹ́ kankan. Nírọ̀lẹ́, ara mi á lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni Ìyá Onílé gbọ́.

"Ibà ni," ó ní. "Ibà ti wọ inú egungun ẹ."

Ó gún mi ní abẹ́rẹ́ kilorokúìn, òògùn ibà tí gbogbo wa mọ̀ nígbà náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àtẹ́lẹwọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ìyún tí mò ń wí yìí kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń họ tó ń tura. Ó dà bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ, látàtẹ́lẹwọ́ bọ́ sáàárín ìka. Tí mo bá họ ọ́, oríkèé tó wú á dùn mí dé ọkàn. Tí mi ò bá họ ọ́, mi ò ní lè jókòó. Mo fi kóòmù họ ọ́. Mo fi ọwọ́ ha ara ògiri. Awọ bó, ó ṣẹ̀jẹ̀, ó di egbò. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ìyún náà á rọlẹ̀, àmọ́ ìwú ò ní lọ, ni Ìyá Onílé á bá tún gún mi ní òmíràn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ fún oṣù mélòó kan: abẹ́rẹ́, ìyún, egbò, abẹ́rẹ́.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò ṣiṣẹ́, kò sọ pé òun ò mọ ohun tó ń ṣe mí. Ó wá orúkọ mìíràn fún un ni. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo lọ fa omi nínú kànga. Ìgbọ̀nwọ́ ni mo fi há okùn mọ́ra torí mi ò lè fọwọ́ dì í mú. Ìyá Onílé jáde, ó dúró lókèèrè.

"Ìyá Dúpẹ́, fi okùn yẹn sílẹ̀."

"Kí ló dé, mà?"

"Mo ní kó o fi í sílẹ̀! Ṣó o fẹ́ kó ran gbogbo wa ni? Ẹ̀tẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ẹ. Mo ti rí i tipẹ́, mò ń bo àṣírí ẹ ni."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ pé ibà ni?"

"Èmi lò ń dá lóhùn bẹ́ẹ̀?"

Gbogbo ilé ti jáde. Kò sẹ́ni tó gbèjà mi. Obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, tí mo ti pọn ọmọ rẹ̀ láìmọye ìgbà, ló lọ gbé ọṣẹ wá, ó fọ okùn náà lójú mi.

Ọ̀rọ̀ náà dé Ìyànà-Ìbà kí n tó dé ibẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá gba iṣẹ́ wọn láìtíì tẹ̀ tán. Bàbá Dúpẹ́ tẹ́ ẹní sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní ooru ló ń mú òun lórí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni ìyá rẹ̀ wá láti Ìgbó-Elérin, tó bẹ̀rẹ̀ sí í di aṣọ Dúpẹ́ sínú báàgì.

"Mà, ibo lẹ̀ ń mú ọmọ mi lọ?"

"Ọmọ tiwa náà ni," ìyá ọkọ mi dá mi lóhùn. "Tí ìka ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, kò yẹ kó wà níbẹ̀."

Dúpẹ́ dúró tì wá nígbà tó sọ ọ́. Mo wo ọkọ mi pé kó sọ̀rọ̀. Ó yà kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ìyá rẹ̀ sì mú Dúpẹ́ lọ.

Ìbínú ló gbé mi dé ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba. Mo fẹ́ kí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n sọ ọ́ lójú mi bóyá ẹ̀tẹ̀ ni tàbí kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, àwọn dókítà ń daṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbà tí mo padà lọ, èrò kún orí bẹ́ǹṣì, fáànù dúró gbagidi lókè. Obìnrin tó jókòó tì mí rí egbò ọwọ́ mi, ó sún. Mo sún tẹ̀ lé e. Ó tún sún, mo tún sún tẹ̀ lé e títí ó fi dìde. Inú mi dùn sí i. Irú èèyàn tí àìsàn yẹn sọ mí dà nìyẹn.

Obìnrin àgbàlagbà ni dókítà tó rí mi, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Ẹ dijú, mà. Tí mo bá ti fọwọ́ kàn yín, ẹ sọ fún mi."

Ó fi òwú kan ìka mi fẹ́ẹ́rẹ́, ó fi ẹnu abẹ́rẹ́ tọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀. Nígbà tó wá fún ìdí àwọn ìka mi pọ̀, mo kígbe.

"Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀," ó ní. "Níbi tí ẹ̀tẹ̀ bá wà lára, ibẹ̀ á kú tipiri ni. Tiyín yìí ń mọ gbogbo nǹkan."

Mi ò sunkún. Okùn tí wọ́n fọ̀ lójú mi ni mo rántí, mo wa eyín pọ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, tí wọ́n sì ti ya fọ́tò egungun ọwọ́ mi, ó ṣàlàyé. Oríṣi làkúrègbé kan ni, àmọ́ kì í ṣe èyí tí ọjọ́ orí ń mú wá. Rumatọ́ìdì ni wọ́n ń pè é. Awọ fẹ́lẹ́ kan wà nínú oríkèé tó ń pèsè omi tí egungun fi ń yọ̀ lára ara wọn. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, tó yẹ kó máa bá kòkòrò àìsàn jà, ló ń ṣèèṣì ka awọ yìí sí ọ̀tá. Wọ́n ń bá a jà, ó ń wú. Ìdí nìyẹn tó fi mú ọwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ń le láàárọ̀. Kì í ràn. Kò sí òògùn tó máa wò ó tán pátápátá, àmọ́ òògùn wà tó lè tẹ̀ ẹ́ lórí ba.

"Ìyún yẹn ńkọ́, mà?"

"Kí lẹ máa ń lò kó tó bẹ̀rẹ̀?"

"Abẹ́rẹ́ kilorokúìn."

Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún yín ní i mọ́. Ara yín ò gbà á."

Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn wa ni òògùn yẹn ń yún bẹ́ẹ̀, pàápàá lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Àwọn dókítà kan tiẹ̀ ń fi í wo làkúrègbé yìí gan-an, àmọ́ òmíràn ni òun máa fún mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, tí ọwọ́ yín wú tó sì tún ń yún yín, ẹ má rò pé ohun kan náà ló fa méjèèjì. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ń lò, ẹ sọ ọ́ fún dókítà.

Òògùn tó fún mi, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mò ń lò ó. Ó máa ń rìn mí nínú, irun mi rẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì ní láti máa yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lóòrèkóòrè. Oṣù ń gorí oṣù kí n tó rí ìyàtọ̀. Láàárọ̀, mo máa ń ki ọwọ́ bọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kí n máa là á, kí n máa pa á dé, títí á fi dẹ̀. Kí ìyún abẹ́rẹ́ náà tó tán lára mi, aṣọ tí mo rẹ sínú omi tútù ni mò ń fi wé ọwọ́. Mo gé èékánná mi mọ́lẹ̀, mo sì ń fi òrí pa awọ tó bó. Mo da ìpara gbígbóná tí àwọn èèyàn ní kí n máa fi ra á nù.

Mo lọ bá Ìyá Onílé níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo sọ ohun tí dókítà wí, pẹ̀lú ohùn tí àwọn tó ń kọjá lọ lè gbọ́.

"Irọ́ ni wọ́n pa fún ẹ," ó ní, ó sì ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ.

Mo gba yàrá sí Ìbà. Mi ò bi ọkọ mi léèrè, èmi nìkan ni mo kó lọ. Nígbà tí egbò ọwọ́ mi ti jiná, mo lọ sí Ìgbó-Elérin. Ìyá ọkọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Dúpẹ́ wà lórí àpótí, ó ń jẹ ẹ̀wà. Kò sáré wá bá mi. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ wò.

"Màmi, èwo ló ti já?"

Mo kúnlẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì sí i. "Kà wọ́n."

Ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tirẹ̀ tó lépo ẹ̀wà kàn wọ́n. Nígbà tó dórí ẹ̀wá, ó tún padà kà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó gun ẹ̀yìn mi, mo sì gbé e jáde. Kò sẹ́ni tó dá wa dúró.

Bàbá Dúpẹ́ wá bá wa ní Ìbà nígbà tó yá, ó gbé àpótí aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ̀bẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn fún un, àmọ́ ó pẹ́ kí n tó ṣí i. Ìyá rẹ̀ kò bẹ̀ mí títí ó fi kú. Mo sin ín bí ìyàwó ilé ṣe ń sin ìyá ọkọ, ṣùgbọ́n mi ò sunkún.

Àwọn kan ní kí n dárí ji gbogbo wọn torí pé ara mi ti yá. Ara mi ni mo dárí jì. Ó bá mi jà láìmọ̀ pé èmi ni. Àwọn yòókù mọ̀ pé èmi ni.

Ìka méjì ti wọ́ díẹ̀ lọ́wọ́ òsì mi, wọn ò sì ní tọ́ mọ́. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mi ò lè ṣí ìdérí ìgò. Lọ́jọ́ tó bá dáa, mo máa ń di irun ọmọ Dúpẹ́, tó jẹ́ ọmọ-ọmọ mi, mo máa ń dì í le, á máa pariwo pé ó ń dun òun. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tó fi òwú kan ìka mi, mi ò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.